Àwọn Tí Ìtàn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Gbójú Fò: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Tí oṣù kẹwàá, tí wọ́n ń pè ní Black History Month, oṣù ìrántí ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú, bá ti ń wọlé lọ́dọọdún, ìbéèrè máa ń pọ̀ láàárín àwa Yorùbá tó wà ní Ìlú Ọba. Ta ni wọ́n ń rántí? Ta ni wọ́n fi sílẹ̀? Kí ló kàn wá níbẹ̀? Mo kó èyí tí wọ́n ń béèrè jù jọ síbí, mo sì dáhùn rẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mi ò fi ibi tí mo dúró sí pamọ́: àwọn èèyàn yìí kì í ṣe àlejò nínú ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n wà lára àwọn tó kọ́ ilẹ̀ náà, ọmọ tiwa sì wà láàárín wọn. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ìjọba kàn ṣàdédé rántí fúnra rẹ̀. Ẹnì kan ló dìde tó ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Ṣé kì í ṣe ọkọ̀ Windrush ló kọ́kọ́ kó aláwọ̀ dúdú wọ Ìlú Ọba ni?

Rárá o. Ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1948 ni ọkọ̀ Empire Windrush kó èrò láti Karíbíánì gúnlẹ̀ sí Tilbury, èbúté kan nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Ọjọ́ ńlá ni, ó sì yẹ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìrántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ibẹ̀ ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ ti gé ohun tó lé ní 1,700 ọdún dànù. Septimius Severus, olú-ọba Róòmù tí wọ́n bí ní Leptis Magna, ní orílẹ̀-èdè Líbíà òde òní, ìlú York ló kú sí lọ́dún 211. Láyé àwọn ará Róòmù náà, ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan láti Àríwá Áfíríkà ń ṣọ́ odi Hadrian ní Burgh by Sands, nítòsí Carlisle.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú àwọn ará àtijọ́ ni John Blanke. Kàkàkí ló ń fun láàfin Henry Keje àti Henry Kẹjọ. Lọ́dún 1511 tí wọ́n ṣe àríyá ńlá ní Westminster nítorí ọmọkùnrin tí wọ́n bí fún ọba, wọ́n ya àwòrán ayẹyẹ náà sórí awọ gígùn kan. Blanke wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ó gun ẹṣin láàárín àwọn afunkàkàkí yòókù, ó wé láwàní, awọ ara rẹ̀ dúdú. Pẹ́nì 8 ni owó ọjọ́ kan rẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú, ó kọ̀wé sí ọba pé kí wọ́n fi òun sí ipò olóògbé, kí owó òun sì di pẹ́nì 16 bíi tàwọn yòókù. Ọba fọwọ́ sí i. Ìwé ẹ̀bẹ̀ náà ṣì wà dòní. Ọkùnrin tó bá lè kọ̀wé sí Henry Kẹjọ pé kó fi owó kún owó òun mọ iyì ara rẹ̀.

Ta ni ọmọ Yorùbá tí wọ́n ní Ọbabìnrin Victoria gbà tọ́?

Àìná ni orúkọ rẹ̀ nílé. Ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ni, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò tí à ń pè ní Yewa báyìí. Lọ́dún 1848, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀zò, ọba Dàhọ̀mì, ya wọ ìlú náà, wọ́n pa àwọn òbí rẹ̀, wọ́n sì kó òun lẹ́rú lọ. Ọmọ bí ọdún márùn-ún ni. Lọ́dún 1850, ọ̀gákọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Forbes, lọ bá Gẹ̀zò pé kó dáwọ́ òwò ẹrú dúró. Gẹ̀zò kò gbà, ṣùgbọ́n wọ́n fa ọmọ náà lé Forbes lọ́wọ́ bí ẹ̀bùn fún Ọbabìnrin. Forbes fi orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ ọkọ̀ rẹ̀ sọ ọ́. Bí Àìná ṣe di Sarah Forbes Bonetta nìyẹn. Ọmọ tó ti ní orúkọ, tó ti ní ìlú, ni wọ́n wá ń fi orúkọ ọkọ̀ ojú omi pè títí tó fi dàgbà.

Ọpọlọ rẹ̀ pé púpọ̀. Ọbabìnrin ló ń sanwó ilé-ìwé rẹ̀. Òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bá a lára mu, ni wọ́n bá rán an lọ sí ilé-ìwé ní Freetown lọ́dún 1851, ó padà wá lọ́dún 1855. Ìdílé ajíhìnrere Schön ní Gillingham, ní ẹkùn Kent, ló ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Schön yìí kan náà ló bá Àjàyí Crowther rin ìrìn-àjò Odò Ọya lọ́dún 1841. Ayé àwọn èèyàn wọ̀nyí kò fẹ̀ tó bí a ṣe rò.

Nígbà tí James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò ọmọ Sàró tí òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ní òun fẹ́ fi í ṣe aya, kò kọ́kọ́ gbà. Nínú lẹ́tà tó kọ sí ìyá tó ń tọ́jú rẹ̀, ó béèrè bóyá kí òun wá fi ìfọ̀kànbalẹ̀ òun ṣe pàṣípààrọ̀ owó ni. Wọ́n rọ̀ ọ́ títí. Ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1862 ni wọ́n ṣègbéyàwó ní ìjọ St Nicholas ní Brighton. Àwọn fọ́tò tí Camille Silvy yà fún un lọ́dún náà wà ní National Portrait Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù. Èkó ni tọkọtaya náà padà wá gbé. Àrùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ló pa á ní erékùṣù Madeira lọ́dún 1880. Ọkọ rẹ̀ gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún un nínú oko kòkó rẹ̀ ní Ìjọn, ní ìwọ̀-oòrùn Èkó.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Ọdún 2016 ni wọ́n tó fi àmì ìrántí sára ilé Palm Cottage ní Gillingham tó gbé. Ní 2020, English Heritage, àjọ tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé àwòrán rẹ̀ tí Hannah Uzor kùn kọ́ sára ògiri Osborne House, ààfin Victoria fúnra rẹ̀. Ó ti tó 140 ọdún tó ti kú.

A mọ Àjàyí Crowther dáadáa nílé. Kí ló wá kan ìtàn àwọn Gẹ̀ẹ́sì?

Ó kàn án gan-an. Ọ̀sogùn ni wọ́n ti kó o lẹ́rú lọ́dún 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Myrmidon ló gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Potogí lọ́dún 1822, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí Freetown. Islington ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti kẹ́kọ̀ọ́ ìwàásù, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fi jẹ àlùfáà lọ́dún 1843. Lọ́dún 1851 ó lọ rí Ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ nípa òwò ẹrú ní etíkun wa. Ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní kàtídírà Canterbury, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí Ìjọ Áńgílíkà fi sí ipò náà. Yunifásítì Oxford fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún yẹn kan náà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nílé kò gbọ́ ni bí wọ́n ṣe ṣe é nígbẹ̀yìn. Àwọn ọ̀dọ́ ajíhìnrere aláwọ̀ funfun dé sí Odò Ọya ní nǹkan bí 1890, wọ́n ń lé àwọn àlùfáà tó yàn kúrò níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣe bí ẹni pé kò sí bàbá kankan níbẹ̀. Arúgbó tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún fi ìgbìmọ̀ iṣẹ́ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ sílẹ̀, ó kú ní ọjọ́ tó parí ọdún 1891, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Ó tó ọdún 2014 kí Archbishop Justin Welby tó dúró ní Canterbury, níbi ìsìn àyájọ́ 150 ọdún tí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, tó tọrọ àforíjì pé wọ́n da Crowther, pé ohun tí wọ́n ṣe kò dára. Mo gbà pé ìsìn yẹn tóbi ju ère lọ. Ère máa ń sọ pé ẹnì kan ṣe ohun ńlá. Kì í sábà sọ ohun tí wọ́n fojú rẹ̀ rí.

Yàtọ̀ sí àwọn méjì yìí, Yorùbá mìíràn wà níbẹ̀?

Wọ́n pọ̀. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, dé Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1922 láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Lọ́dún 1924, nígbà àfihàn ńlá ìjọba ní Wembley, ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé kò tíì pẹ́ tí àwọn ará Nàìjíríà ṣíwọ́ jíjẹ èèyàn. Ṣólàńkẹ́ kọ̀wé bá wọn jà. Lọ́dún yẹn kan náà ló sọ Yorùbá lórí rédíò. Ní oṣù kẹjọ 1925, òun àti Dókítà Bankole-Bright láti Sierra Leone dá WASU sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nígbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ dúdú lè kan ilẹ̀kùn títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní rí onílé tó máa gbà á. Ṣólàńkẹ́ rin Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ká láti 1929 sí 1932, ó ń kó owó jọ lọ́wọ́ àwọn ọba, àwọn oníṣòwò àti ará ìlú, ó sì fi ṣí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní 62 Camden Road lọ́dún 1933. Aya rẹ̀ Ọpẹ́olú ló ń ṣe ìyá ilé níbẹ̀. Kwame Nkrumah gba inú WASU kọjá. Tí wọ́n bá ń kọ ìtàn bí ìjọba amúnisìn ṣe tú ká, Camden yẹ kó wà nínú rẹ̀.

Ọmọọba Adénrelé Adémọ́lá, ọmọ Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1935. Ó kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Guy's Hospital, ó gbàwé ẹ̀rí lọ́dún 1941, àárín ìgbà tí bọ́ǹbù ń já lu Lọ́ńdọ̀nù. Ilé iṣẹ́ fíìmù ìjọba amúnisìn ṣe fíìmù kan nípa rẹ̀, wọ́n pè é ní Nurse Ademola, wọ́n ń fi í han àwọn èèyàn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kí wọ́n lè máa ti ogun náà lẹ́yìn. Fíìmù yẹn ti sọnù. Àwọn ìwé ìforúkọsílẹ̀, ìròyìn kéékèèké àti fọ́tò díẹ̀ ni àwọn olùṣèwádìí fi ń to ìtàn rẹ̀ pọ̀. Lọ́dún 1935 tó dé náà ni Kọfówórọlá Moore, tó padà di Lady Adémọ́lá, gboyè ní Oxford, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá fà á tí wọ́n fi gbàgbé wọn?

Ìdí kan kọ́. Ẹni tó ń kọ ìtàn ló ń yan ẹni tó máa wọlé, àwọn tó sì ń kọ ọ́ fún ìgbà pípẹ́ ń fẹ́ ìtàn níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń fún gbogbo ayé ní nǹkan, tí kò sì gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tiwa padà sílé, nítorí náà kò sí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ tó máa tẹnu mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ sì máa ń ṣòfò bíi fíìmù Adémọ́lá yẹn.

Ẹ wo Mary Seacole. Ọmọ Jàmáíkà, wọ́n bí i lọ́dún 1805. Nígbà ogun Crimea tí Gẹ̀ẹ́sì bá Rọ́ṣíà jà, ó lọ bá ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù pé òun fẹ́ lọ tọ́jú àwọn ọmọ ogun, wọ́n kọ̀ ọ́. Ó wá owó ara rẹ̀ lọ, ó sì ṣí ilé oúnjẹ àti ìtọ́jú nítòsí Balaclava lọ́dún 1855. Nígbà tó padà dé láìní kọ́bọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́jà wá síbi ayẹyẹ tí wọ́n fi kówó jọ fún un. Olókìkí ni nígbà tó wà láyé! Ó kú lọ́dún 1881, ibojì rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá ní Kensal Green kí àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Karíbíánì tó tún un ṣe lọ́dún 1973. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2013, nígbà tí ìròyìn jáde pé wọ́n fẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀kọ́ ilé-ìwé, ó lé ní 35,000 èèyàn tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú. Ìjọba fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Tí wọn ò bá fọwọ́ sí i ńkọ́?

Ṣé òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ ogun wa ò ní ibojì tó ní orúkọ?

Òótọ́ tó korò ni. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àjọ tó ń tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní CWGC lónìí, ṣe ìlérí pé ọ̀gágun àti ṣọ́jà lásán, ọlọ́rọ̀ àti tálákà, ìkan náà ni gbogbo wọn máa gbà. Ní ilẹ̀ Yúróòpù wọ́n mú un ṣẹ. Ní Áfíríkà, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n ṣe. Àwọn tó ru ẹrù ogun ní Ìlà-oòrùn Áfíríkà kú bí ewé nítorí ebi, ibà àti àárẹ̀, wọn ò sì kọ orúkọ ọ̀pọ̀ wọn síbì kankan. Gómìnà Gold Coast (Gánà òde òní) nígbà náà, Guggisberg, sọ pé àwọn ọmọ ìbílẹ̀ kò ní mọ rírì òkúta orí ibojì. Àwa tí à ń sin bàbá wa sínú ilé, tí à ń ki oríkì wọn lọ́dọọdún!

Ní oṣù kẹrin 2021, lẹ́yìn tí fíìmù kan tí aṣòfin David Lammy ṣe ti tú àṣírí náà, CWGC gbé ìròyìn ìwádìí ara rẹ̀ jáde. Ó ní láàárín 45,000 sí 54,000 ọmọ ogun, tí ọ̀pọ̀ jẹ́ ọmọ Áfíríkà, Éṣíà àti Ìlà-oòrùn Àárín Gbùngbùn Ayé, ni wọn ò rántí bí wọ́n ṣe rántí àwọn yòókù. Àwọn tí wọn ò rántí pẹ̀lú orúkọ, tàbí tí wọn ò tiẹ̀ rántí rárá, kò dín ní 116,000, ó sì lè tó 350,000. Mínísítà ètò ààbò, Ben Wallace, dìde nílé aṣòfin, ó tọrọ àforíjì. Iṣẹ́ àtúnṣe ń lọ. Ní oṣù kìíní 2025 wọ́n ṣí ibi ìrántí kan ní Cape Town fún ohun tó lé ní 1,700 òṣìṣẹ́ ogun aláwọ̀ dúdú ní South Africa. Igi ìrókò ni wọ́n fi ṣe é: òpó kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó kú lára òpó náà.

Àwọn tó lọ sí Bọ́mà ńkọ́?

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló lọ jà ní Bọ́mà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 àti 82, àwọn ọmọ Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní àfonífojì Kaladan, kò sí ọ̀nà tí mọ́tò lè gbà. Orí ni wọ́n fi ru ìbọn, ọta àti oúnjẹ gba inú igbó kọjá, wọ́n sì ń bá Japan jà. Lọ́ńdọ̀nù máa ń pe ogun Bọ́mà ní èyí tí wọ́n gbàgbé. Tí wọ́n bá gbàgbé àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó jà níbẹ̀, mélòómélòó àwọn tiwa.

Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tó wọṣẹ́ ológun lọ́dún 1942. Ẹ̀ka ìtọ́jú aláìsàn ló wà. Ní oṣù kẹta 1944, àwọn ọmọ ogun Japan ká wọn mọ́ etí odò Kaladan. Ọta fọ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì bà á níkùn. Òun àti ọmọ Sierra Leone kan, David Kargbo, ló wà láàyè tí wọn ò lè rìn lọ. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman ló ń gbé oúnjẹ wá fún wọn nínú igbó, ó padà gbé wọn wọ ilé ara rẹ̀, ó sì mọ̀ pé bí wọ́n bá rí wọn, orí òun ló máa lọ sí i. Oṣù mẹ́sàn-án ló fi ṣe é, títí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi padà dé ní oṣù kejìlá. Lọ́dún 2011, akọ̀ròyìn kan gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ Fadoyebo dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Shuyiman. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Fadoyebo kú.

Tí ẹ bá ń gbé Èkó, ẹ ti ń dárúkọ ogun yẹn láìmọ̀. Bárékè Dodan, bárékè Arakan ní Àpápá, bárékè Myohaung: orúkọ ibi tí wọ́n ti jà ní Bọ́mà ni gbogbo wọn. Ẹgbẹ́ 81 Division tó wà ní Èkó lónìí, nọ́ńbà ìgbà ogun yẹn ló ń jẹ́.

Bàbá bàbá mi lọ sógun, kò padà wálé. Níbo ni mo ti lè wá a?

Ẹ lọ sí ìkànnì CWGC, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ yan ogun tó bá a lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó sú yín tí kò bá jáde lẹ́ẹ̀kan. Bí akọ̀wé ṣe gbọ́ orúkọ ló ṣe kọ ọ́, nítorí náà ẹ gbìyànjú oríṣiríṣi bí wọ́n ṣe lè kọ ọ́. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ ọmọ ogun wa ni wọ́n fi orúkọ ara wọn àti orúkọ ìlú wọn kọ sílẹ̀, bíi kí wọ́n kọ Lawani Ibadan. Ẹ fi orúkọ ìlú wá a náà. Àwọn tó kú ní Bọ́mà tí a ò mọ ibojì wọn, ara Rangoon Memorial ní Taukkyan ni wọ́n kọ wọ́n sí, pẹ̀lú bí 27,000 orúkọ. Tí ẹ bá rí i pé ó yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí, CWGC ń gba ẹ̀rí lọ́wọ́ ìdílé. Ìwé ìdánimọ̀ ológun, mẹ́dà, lẹ́tà tó kọ wálé, gbogbo rẹ̀ ló wúlò.

Ṣé aláwọ̀ dúdú nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn?

Rárá. Ó lé ní 1,300,000 ọmọ Íńdíà tó kópa nínú Ogun Kìíní, àti bí 2,500,000 nínú Ìkejì. Wọ́n sọ ààfin Royal Pavilion ní Brighton di ilé ìwòsàn fún àwọn tó fara gbọgbẹ́. Orí òkè lẹ́yìn ìlú náà ni wọ́n ti sun òkú 53 nínú àwọn Híńdù àti Síìkì tó kú, bí ẹ̀sìn wọn ṣe wí, wọ́n sì kọ́ ibi ìrántí Chattri síbẹ̀ lọ́dún 1921. Noor Inayat Khan, ọmọ bàbá Íńdíà, wọ Paris lọ́dún 1943 láti máa fi wáyálẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn Nasi mú un, wọ́n pa á ní Dachau lọ́dún 1944. Ère orí rẹ̀ wà ní Gordon Square láti 2012.

Ti àwọn ará Ṣáínà ní Liverpool ló ń dùn mí jù nínú ti àwọn ẹ̀yà mìíràn. Atukọ̀ ni wọ́n, wọ́n gbé oúnjẹ àti ohun ìjà la òkun Àtìláńtíkì kọjá nígbà ogun. Láàárín 1945 sí 1946, ìjọba kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn jọ ní bòókẹ́lẹ́, wọ́n dá wọn padà sí Ìlà-oòrùn. Ọ̀pọ̀ ti fẹ́yàwó, wọ́n ti bímọ ní Liverpool. Ẹnikẹ́ni ò sọ fáwọn ìyàwó. Àwọn obìnrin kan kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọkọ àwọn já àwọn sílẹ̀. Àwọn ọmọ wọn, tí wọ́n ti di àgbàlagbà, ló tẹ́sẹ̀ mọ́ ọn títí wọ́n fi gbé àmì ìrántí sí Pier Head lọ́dún 2006.

Ta ló bẹ̀rẹ̀ Black History Month ní Ìlú Ọba?

Akyaaba Addai-Sebo, ọmọ Gánà tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba ìbílẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù. Ó bá obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbi tó ti ń sunkún. Ọmọ obìnrin náà, tó sọ ní Marcus nítorí Marcus Garvey, ọmọ Jàmáíkà tó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ló bi í nígbà tó fẹ́ sùn pé kí ló dé tí òun ò lè jẹ́ òyìnbó. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí Addai-Sebo sinmi. Oṣù kẹwàá ọdún 1987 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Ti Amẹ́ríkà, oṣù kejì ni; àwọn tibí mú ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ilé-ìwé, kí àwọn ọmọ lè gbọ́ ọ nígbà tí ara wọn ṣì yá.

Ṣé kì í ṣe ìfowóṣòfò ni ère gbígbé?

Mo máa ń gbọ́ ọ, mi ò sì gbà. Ọdún 12 ni àwọn tó fẹ́ ère Seacole fi kówó jọ kí ó tó dúró ní iwájú St Thomas' Hospital ní 2016, lódìkejì ilé aṣòfin. Ère obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó ní orúkọ ní gbogbo ilẹ̀ náà ni. Ẹ ronú nípa àwọn nọ́ọ̀sì wa tó ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́ òru.

Bristol kọ́ wa ní ìdàkejì. Ère Edward Colston, oníṣòwò ẹrú, dúró láàárín ìlú yẹn láti 1895 títí àwọn èèyàn fi wó o lọ́jọ́ 7 oṣù kẹfà 2020. Ní gbogbo ìgbà náà, ìlú kan náà ní akọni tirẹ̀. Lọ́dún 1963 iléeṣẹ́ bọ́ọ̀sì ibẹ̀ kọ̀ láti gba aláwọ̀ dúdú ṣe kọ̀ǹdọ́ tàbí dẹ́rẹ́bà. Paul Stephenson, tí bàbá rẹ̀ wá láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ará ìlú má wọ bọ́ọ̀sì náà mọ́. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é, iléeṣẹ́ náà tẹrí ba lọ́jọ́ 28 oṣù kẹjọ. Òfin tó lòdì sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà jáde lọ́dún 1965. Ọdún 2014 ni àmì ìrántí wọn tó dé ibùdókọ̀ ìlú náà.

Níbo ni mo lè mú àwọn ọmọ mi lọ?

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lọ sí Windrush Square ní Brixton, níbi òkúta ìrántí àwọn ọmọ ogun Áfíríkà àti Karíbíánì tí Nubian Jak Community Trust gbé kalẹ̀ ní 2017. Ẹ tún lọ wo Memorial Gates ní Constitution Hill, òpó mẹ́rin ìrántí àwọn ọmọ ogun láti àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ṣàkóso, tí Ọbabìnrin Elizabeth ṣí ní 2002. Áfíríkà wà lára ohun tí wọ́n gbẹ́ sí i. Ẹ ka orúkọ sókè kí àwọn ọmọ gbọ́.

Mo mọ ẹnì kan tó yẹ kí wọ́n fi àwo búlúù sára ilé rẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè béèrè?

Ní Lọ́ńdọ̀nù, English Heritage ló ń bójú tó àwo búlúù róbótó yẹn, tí wọ́n ń fi sára ilé láti rántí ẹni ńlá tó gbé ibẹ̀, ètò tó ti wà láti 1866. Ẹnikẹ́ni ló lè dárúkọ èèyàn, kò pọn dandan kó jẹ́ ọ̀mọ̀wé. Ẹni náà gbọ́dọ̀ ti kú fún ó kéré tán 20 ọdún. Ilé tó gbé tàbí tó ti ṣiṣẹ́ ṣì gbọ́dọ̀ dúró, kí a sì lè rí àwo náà láti ojú títì. Onílé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ó lè gba ọdún mélòó kan, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí. Ohun tó ń dá ọ̀pọ̀ orúkọ wa padà ni pé a ò lè fi hàn pé ilé báyìí ni ẹni náà gbé. Àpòòwé tí àdírẹ́sì wà lára rẹ̀, ìwé ìforúkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ìwé ìgbéyàwó: ẹ̀rí nìyẹn. Lẹ́yìn òde Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ àwọn onítàn ìlú yín.

Nílé ni mo wà. Kí ni mo lè ṣe láti ibí?

Ohun tí ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò lè ṣe. Àwọn bàbá àti ìyá tó kàwé tàbí tó ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1940 sí 1960 ti ń tán lọ. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ òpópónà tí wọ́n gbé, nọ́ńbà ilé, orúkọ ilé ìwòsàn, orúkọ ìjọ, ẹni tí wọ́n jọ gbé yàrá. Tí ẹ bá rí fọ́tò nínú àpótí, ẹ yà á níwájú àti lẹ́yìn, nítorí ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń kọ orúkọ àti ọjọ́ sí. Kí ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹbí tó wà lókè òkun, kí ẹ̀dà kejì wà lọ́wọ́ yín nílé.